Ìfilọ̀ Kì í Ṣe Ìfọ̀rọ̀lọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ àti Ìlò ‘Consult’ ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ká ní ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Yorùbá tí ó ti ń tajà ní Maiduguri láti ìgbà èwe rẹ̀, wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un jẹ́ ọmọ Kanuri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi béèrè bóyá ìyá náà ti ‘consult’ àwọn ẹbí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbọ́ Yorùbá ṣe ògbufọ̀, ó ní: “Màmá, ṣé ẹ ti sọ fún àwọn ará ilé?” Ìyá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni,” nítorí ó ti ránṣẹ́ sí wọn pé wọ́n dá òun dúró sí ilé ìwòsàn. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí ti mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá dé, ó sì fárí gá: ta ni ó bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n fi abẹ kan àbúrò òun? Nínú ìyá, dókítà àti ògbufọ̀, kò sí ẹni tí ó purọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ògbufọ̀ ṣì tú. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wí ni, “Màmá, ṣé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yìí lọ àwọn ará ilé?” ìyá ìbá dáhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dé ná.”

Àfinúrò ni àpẹẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ka sí kì í ṣe àfinúrò fún ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe ògbufọ̀ rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà ‘consult’ kì í sọ irú àjọṣe tí ó wà láàárín ẹni tí ń béèrè àti ẹni tí a ń bi, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ibi tí agbára ìpinnu wà. Yorùbá kò lè ṣe aláìsọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí, èdè wa ń fi ipá mú wa láti yan ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀-ìṣe bíi márùn-ún, yíyàn náà sì lè sọ ìbéèrè di ìkéde.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ọ̀rọ̀ kan

Láti inú èdè Látìnì ni ‘consult’ ti wá, láti ara ‘consultare’ tí a ṣẹ̀dá láti inú ‘consulere’. Bí ‘consulere’ bá gba orúkọ ènìyàn ní àbọ̀ tààrà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a lọ béèrè ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí orúkọ náà bá wà ní ìrísí tí ń tọ́ka sí ẹni tí a ṣe nǹkan fún, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò di pé à ń ro ire onítọ̀hún. Gírámà Látìnì fúnra rẹ̀ ló ya ìbéèrè sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, kò sí ìrísí ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò fi ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ènìyàn lè ‘consult’ dókítà, lọ́yà, ìwé atúmọ̀ èdè, máàpù, Ifá, àti aago ọwọ́ rẹ̀ pàápàá. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn ‘with’ kún un, ó di ìjíròrò láàárín ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni ti ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀. Ẹni tí a ń pè ní ‘consultant’ kì í ṣe ẹni tí ń béèrè ìmọ̀ràn bí kò ṣe ẹni tí a ń lọ bá. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà, òun ni àgbà oníṣègùn tí ó jẹ́ ọ̀gá fún àwọn dókítà kékeré. Ọ̀rọ̀ kan náà ń sìn fún aláìsàn àti oníṣègùn.

Ohun tí Yorùbá yà sọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ni ‘fi ọ̀rọ̀ lọ̀’. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ lọ ènìyàn ti ní ohun kan lọ́kàn láti ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe é. Ó gbé e wá síwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ń retí èsì. Ọmọkùnrin tí ó rí ìyàwó tí ó fẹ́ fẹ́ yóò fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn òbí rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ẹni tí ó fẹ́. Ohun tí kò ní ni ohùn àwọn òbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣọ́ ohùn ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ‘lọ̀’ ní, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn náà yóò di ti àárín: ‘Ó fi ọ̀rọ̀ lọ bàbá rẹ̀.’ Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni, ohùn ìsàlẹ̀ yóò dúró: ‘Ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n.’ Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ‘lọ’ tí ó túmọ̀ sí rírìn ni ó wà níbẹ̀.

Èkejì ni ‘béèrè ìmọ̀ràn’. Ẹni tí ó béèrè ìmọ̀ràn lè má tíì ní ohunkóhun lọ́kàn. Ọ̀nà ni ó ń wá, àwọn àgbà sì ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ náà ‘ìmọ̀ràn’ kò fara sin: mímọ ọ̀ràn ni. Ẹni tí a ń bi ni ó mọ̀ jù nínú ọ̀ràn náà, ìbáà jẹ́ nípa ọjọ́ orí tàbí nípa ẹ̀kọ́. Ẹ̀wẹ̀, béèrè kì í ṣe gbà. ‘Ó béèrè ìmọ̀ràn’ kò sọ pé ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ‘ó gba ìmọ̀ràn’ sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì dára kí a kíyè sí i pé ‘gbà’ yìí náà ní ojú méjì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì: ‘Ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀’ yàtọ̀ sí ‘Ó gba ọmọ rẹ̀ ní ìmọ̀ràn.’ Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ ni onímọ̀ràn. Nínú ti èkejì, òbí ni. Ìtò ọ̀rọ̀ ni Yorùbá fi ya méjèèjì sọ́tọ̀, olùgbọ́ kì í sì í ṣì í mú.

Ẹ̀kẹta ni ‘gbìmọ̀’. Ẹnì kan kì í dá gbìmọ̀. Bí olùwà rẹ̀ kò bá jẹ́ ẹlẹ́ni púpọ̀, ‘pẹ̀lú’ gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ‘ìgbìmọ̀’, irú èyí tí Aláàfin ní nínú Ọ̀yọ́ Mèsì, tí àwọn ọba Borno àtijọ́ sì ní nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ‘nokena’. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbígbìmọ̀ àti bíbéèrè ìmọ̀ràn hàn gbangba nínú ìtàn Rèhóbóámù tí ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kejìlá. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lo ‘consulted with’ nígbà tí ọba náà lọ bá àwọn àgbà, ó sì tún lo ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tí ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ dàgbà. Bí ọmọ Yorùbá bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ro ìtàn yìí, yóò ní ọba béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn àgbà, kò gbà á, ó sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀. Ìdájọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe náà kí ìtàn tó parí.

Ẹ̀kẹrin ni ti Ifá. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ènìyàn ‘consult’ Ifá, bí ẹni pé òun nìkan ni olùṣe. Nínú ẹsẹ Ifá, orúkọ àwọn awo ni ó máa ń ṣíwájú, ẹni tí ó wá béèrè yóò sì tẹ̀lé ‘a dífá fún’. Olùṣe ni awo. Oníbèéèrè ni ẹni tí a ṣe é fún. Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá tí ó jáde ní ọdún 1976, pín ìhun ẹsẹ Ifá sí ọ̀nà mẹ́jọ. Lára wọn ni orúkọ awo, orúkọ ẹni tí a dífá fún, ìdí tí a fi dífá, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìbéèrè nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Ohun tí oníbèéèrè fi èsì ṣe ni ó ń gbé ìtàn lọ sí òpin rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ‘wò’, èyí tí ó jẹ́ ti ìwé, máàpù àti aago. A kì í fi ọ̀rọ̀ lọ ìwé atúmọ̀ èdè. A máa ń wò ó ni, nítorí ìwé kò ní ẹnu tí yóò fi gbà tàbí kọ̀.

Ibi tí ìfilọ̀ ti wọlé

Láti ara ‘fi lọ̀’ ni a ti ṣẹ̀dá ‘ìfilọ̀’, ṣùgbọ́n ìkéde ni ìfilọ̀ túmọ̀ sí lónìí. Ìfilọ̀ ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìfilọ̀ ni a ń gbọ́ lórí rédíò, òun náà ni a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ọ̀rọ̀ ti parí kí ìfilọ̀ tó jáde. Olùgbọ́ kò ní ohun méjì láti ṣe ju kí ó gbọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ‘fi ọ̀rọ̀ lọ̀’, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ṣì ń retí èsì. Ìgbà tí a mú ọ̀rọ̀ wá ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, bóyá kí ìpinnu tó wáyé tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìlú. Iná jó Monday Market ní Maiduguri ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ọdún 2023. Bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá jó níbikíbi, tí wọ́n sì fẹ́ tún un kọ́, ọ̀rọ̀ tí yóò ti ọ̀dọ̀ aláṣẹ wá ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé a ti ‘consult’ àwọn oníṣòwò. Bí oníròyìn bá tú u sí ‘wọ́n ti fi tó àwọn oníṣòwò létí,’ ọlọ́jà yóò gbọ́ pé ìpinnu ti wáyé. Bí ó bá tú u sí ‘wọ́n ti bá àwọn oníṣòwò gbìmọ̀,’ ọlọ́jà yóò gbà pé àwọn aṣojú òun jókòó níbi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu. Bí ó bá ní ‘wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n,’ ọlọ́jà lè béèrè pé: kí ni a wí? Ìtumọ̀ kẹta yìí nìkan ni ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi èsì náà ṣe.

Òfin pàápàá kò yọ sílẹ̀. Abala 154, ìpín kẹta, nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ ‘consult’ ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Council of State kí ó tó yan alága tàbí ọmọ ẹgbẹ́ àjọ elétò ìdìbò. Nínú ìgbìmọ̀ yìí ni àwọn Ààrẹ àná àti àwọn gómìnà wà. Abala 231 òfin kan náà ní kí Ààrẹ yan Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ bá ti dábàá rẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì fọwọ́ sí i. Ohun mẹ́ta ni òfin náà yà sọ́tọ̀: fífi ọ̀rọ̀ lọ̀, dídábàá, àti fífọwọ́sí. Bí a bá tú ‘consult’ sí ‘gba ìmọ̀ràn’, a ti so Ààrẹ mọ́ ohun tí òfin kò so ó mọ́. Bí a bá sì tú u sí ‘fi tó létí’, a ti sọ ìgbìmọ̀ àwọn àgbà di olùgbọ́ ìkéde. Abala 55 gbà kí ilé aṣòfin àpapọ̀ lo Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ètò tí ó péye bá ti wà. Iṣẹ́ irú ìtumọ̀ yìí wà lára ètò náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí atúmọ̀ èdè bi ara rẹ̀ bí ó bá bá ‘consult’ pàdé. Àkọ́kọ́, ta ni ó mọ̀ jù nínú ọ̀ràn náà? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ń bi ni, ‘béèrè ìmọ̀ràn’ ni kí ó lò. Bí wọ́n bá dọ́gba, ‘gbìmọ̀’ tàbí ‘jíròrò’ ni ó yẹ. Èkejì, ǹjẹ́ ìpinnu ti wáyé? Bí ó bá ti wáyé, kì í ṣe ‘consult’ mọ́, ohunkóhun tí Gẹ̀ẹ́sì ìbáà máa pè é, ìfilọ̀ ni. Ẹ̀kẹta, lọ́wọ́ ta ni ìpinnu wà? Bí ó bá kù sọ́wọ́ ẹni tí ó béèrè, ṣùgbọ́n tí ó pọn dandan kí ó gbọ́ ohùn ẹlòmíràn ná, ‘fi ọ̀rọ̀ lọ̀’ ni ó bá a mu jù. Fún ọ̀rọ̀-orúkọ, a lè ṣẹ̀dá ‘ìfọ̀rọ̀lọ̀’ lọ́nà kan náà tí a gbà ṣẹ̀dá ‘ìfilọ̀’, kí a lè máa lo méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kíláàsì, nínú ìwé ìròyìn àti nílé ẹjọ́.

Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n náà kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀ bí ẹni tí ó ní i kò bá mọ̀ pé ìbéèrè ni wọ́n ń bi òun. Ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó dé sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ògbufọ̀ ni kò fún un láyè láti sọ ọ́.