Alcohol Tí Kì Í Ṣe Ọtí: Ohun Tí A Kọ́ Nídìí Ìpara Àfọwọ́ṣe

Ní ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àtijọ́ tí ó kọjá, a kó àwọn ìpara tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe sórí tábìlì kí àwọn òbí lè tọ́ wọn wò. Ìyá àgbà kan mú ìgò kan, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka orúkọ àwọn èròjà inú rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí a kọ “cetyl alcohol” sí. Jẹ́jẹ́ ni ó gbé ìgò náà padà. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọtí kò wọ ilé wa láti ìgbà ayé bàbá ọkọ mi. Ṣé òun ni ẹ wá fẹ́ kí n máa fi pa ọmọ-ọmọ mi lára?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó lè ṣe àlàyé tí ó yè kooro fún màmá lọ́jọ́ náà. Ojú sì tì wá, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ní Odò-Orò, ní Ìkọ̀lé àti ní Ọyẹ́-Èkìtì ni ó ti ń po ìpara tà fún aládùúgbò.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ Kẹ́mísírì wa àtijọ́ ni a gbà lọ. Alcohol, tí ìwé wa nígbà náà ń pè ní alkanol, jẹ́ orúkọ ìdílé. Ọmọ inú agbo ilé kan náà a sì máa yàtọ̀ ní ìwà. Àmì ìdílé wọn ni ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan tí ó so mọ́ ẹ̀wọ̀n kábọ̀n. Ethanol, tí í ṣe ọtí inú ẹmu àti ògógóró, kò ní ju kábọ̀n 2 lọ. Ó fúyẹ́, ó ń wọ inú omi láìsí wàhálà, ó sì ń yára fò lọ sínú afẹ́fẹ́. A sì tún máa yọ́ ọ̀rá tí ń dáàbò bo awọ; ìdí nìyí tí ẹni tí ń fi sípíríìtì nu ara lemọ́lemọ́ fi ń rí i tí awọ rẹ̀ ń gbẹ. Ṣùgbọ́n kábọ̀n 16 ni ó wà lára cetyl alcohol, 18 sì ni ti stearyl alcohol. Àdàlù àwọn méjèèjì ni à ń pè ní cetearyl alcohol. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n bá gùn tó báyìí, ìwà ọ̀rá ti borí ìwà omi. Kò ṣeé mu, kì í pa ènìyàn bí ọtí, kì í sì í fò lọ. Èépá funfun tí ó jọ àbẹ́là tí a fi ọ̀bẹ há ni. Cetyl ń yọ́ ní nǹkan bí 49 °C, stearyl ní nǹkan bí 59 °C.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí “alcohol denat.”, “ethanol” tàbí “isopropyl alcohol” ní ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ èròjà, irú èkíní nìyẹn, ó sì lè gbẹ ara. Bí ẹ bá rí cetyl, stearyl, cetearyl tàbí behenyl, irú èkejì ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà lè ti rí ìpara tí a kọ “alcohol free” sí lára tí cetyl alcohol sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Àjọ FDA ibẹ̀ ṣàlàyé pé ethanol ni gbólóhùn yẹn ń sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan yìí ti wá ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ní 1817, onímọ̀ Kẹ́mísírì ará Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, fi kẹ́míkà tí ó jọ omi eérú se ọ̀rá funfun inú orí ẹja àbùùbùtán, cetyl alcohol sì jáde. Láti inú orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe àbùùbùtán ni a ti fa “cetyl” yọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni àwọn ìyá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi omi eérú èèpo kókó se àdín di ọṣẹ dúdú! Kí ló dé tí cetyl alcohol kò fi jáde nínú ìkòkò tiwọn? Ara glycerine ni ọ̀rá inú àdín so mọ́, nítorí náà glycerine ni ó ń jáde nígbà tí omi eérú bá tú u. Ti àbùùbùtán so mọ́ cetyl alcohol.

Lónìí, a kò pa àbùùbùtán nítorí rẹ̀ mọ́. Láti ara epo pupa, àdín àti epo rọ̀bì ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń ṣe é, pẹ̀lú háídírójìn àti ìfúnpá tí kò sí ilé ìdáná tí ó lè gbà á. Malaysia àti Indonesia wà lára àwọn tí ń ṣe é jù. Ó sì dùn wá díẹ̀, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti lọ síbẹ̀: igi mẹ́rin péré ni a gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java ní 1848.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ìdáná. Nígbà ọyẹ́, awọ a funfun, ètè a là, gìgísẹ̀ a sán. Òrí àti àdín ń dí ojú awọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní omi nínú, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń dán yọ̀ọ̀ lára aṣọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ po omi mọ́ epo. Ìpara wa àkọ́kọ́, omi, àdín, òrí àti cetyl alcohol nìkan ni a fi ṣe é. Ó funfun, ó ki, a sì yọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti wà nísàlẹ̀, epo ti léfòó. Cetyl alcohol kì í ṣe alárenà láàárín omi àti epo. Ó kàn ń ran alárenà lọ́wọ́ ni. Emulsifying wax ni alárenà náà, ọjà kan náà ni a sì ti ń rí àwọn méjèèjì rà.

Nínú 100 gíráàmù, ohun tí a ń lò báyìí ni omi tí a ti sè 73, àdín 10, òrí 7, emulsifying wax 6, cetyl alcohol 3 àti èròjà adènà-ìbàjẹ́ 1. Òṣùwọ̀n ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí. A ń gbé omi sínú abọ́ kan, a ń yọ́ àwọn ọ̀rá nínú èkejì, a ń mú méjèèjì dé nǹkan bí 70 °C, a sì ń pò wọ́n títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tí kò bá gbóná ju 40 °C lọ ni èròjà adènà-ìbàjẹ́ tó ń wọlé. Bí cetyl bá ti ju 5 lọ, ìpara a le, a sì máa fi ojú funfun sílẹ̀ lára bí a bá ń fi pa á.

Ní ti irun, ó tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá orí kì í rọrùn fún láti sọ̀ kalẹ̀ dé ṣóńṣó irun tí ó ká bíi tiwa, ìyẹn ni irun ọmọ fi ń já nígbà tí a bá ń yà á. Behentrimonium methosulfate ń lẹ̀ mọ́ irun tútù. Bí a bá fi 5 rẹ̀ àti cetyl alcohol 4 sínú omi 90, pẹ̀lú èròjà adènà-ìbàjẹ́ 1, òòyà a kọjá láìsí ẹkún. Lẹ́yìn ìfọrun ni a ń fi í sí i, a ó sì ṣàn án kúrò.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà wá jù ni èyí. Ẹnì kan nínú wa rò pé níwọ̀n bí “alcohol” ti wà nínú rẹ̀, kò ní bàjẹ́, kò sì fi èròjà adènà-ìbàjẹ́ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpara náà bu, àmì dúdú wẹ́wẹ́ hù sí ojú rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ kan sì ti ń fi pa ọmọ ìkókó tí ara rẹ̀ ti ń yún tẹ́lẹ̀. Ara ọmọ náà sú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó sàn. A dá owó padà fún gbogbo ẹni tí ó rà nínú ìpò yẹn, a sì gba ìgò wọn. Cetyl alcohol kì í pa kòkòrò bí sípíríìtì; níbi tí omi bá wà, kòkòrò lè gbilẹ̀.

Ó sì yẹ kí a sọ pé àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí ara wọn kì í gba cetyl tàbí cetearyl alcohol, pàápàá àwọn tí ó ní egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná tàbí èkúrú tí ó ti pẹ́. Ẹ fi díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ lápá inú, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí ó bá sì ń pò ó tà, NAFDAC ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ forúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

A ti lọ bá màmá nílé. A gbé èépá cetyl alcohol lé e lọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ìka fọ́ ọ, ó ní àbẹ́là ni. Ó ra ìgò kan fún gìgísẹ̀ ara rẹ̀. Ní ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní àdín tó o.