Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Ọmọ Inú Náà

Ọ̀pọ̀ wa ní Ìwàrà ló fẹ́ bímọ nílé. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ká máa sọ pé "ọmọ kékeré rọrùn-ún bí," ewu ni o! Ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè máà jẹ́ kí ọmọ dàgbà nínú, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè má lè fara da ìrọbí.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níbí, ni Dókítà David Morley ti fi káàdì ìwọ̀n tọ́jú ọmọdé lẹ́yìn 1956. Ẹ jẹ́ ká wọn ti inú náà. Nọ́ọ̀sì á fi téèpù wọn ikùn: láti ọ̀sẹ̀ 24, iye sẹ̀ǹtímítà máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀. Bó bá fi 3 dín, ẹ gba Wesley Guild ní Iléṣà lọ. Bí ọmọ ò bá mira dáadáa mọ́, lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má dúró kí ọjà tú.