Bí Ìjọba Bá Gba Owó Orí Lórí Tẹ́tẹ́, Ṣé Ó Ti Di Hàláàlì?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá: "Ààfáà, ìjọba fúnra rẹ̀ ń gba owó orí lórí tẹ́tẹ́. Kí ló tún kù tó burú níbẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin sọ. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà wọ́gi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ẹjọ́ náà lọ. Ilé ẹjọ́ ní àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin lórí tẹ́tẹ́. Agbára ti àpapọ̀ lórí rẹ̀ kò kọjá Àbújá. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ l'Ékòó pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ máa yọ 5% nínú èrè ẹni tó bá jẹ, kí wọ́n sì san án fún ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá jèrè 100,000 náírà, 95,000 ni yóò kàn án lọ́wọ́.

Àǹfààní wà níbẹ̀ fún ìlú, a ò jiyàn. Ọlọ́hun náà kò sẹ́ ẹ. Nínú Súrà Baqarah, àáyà 219, Ó jẹ́ ká mọ̀ pé àǹfààní wà fún èèyàn nínú ọtí àti tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló tóbi jù. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé láyé àìmọ̀kan, àwọn Lárúbáwá máa ń fi ọfà ta tẹ́tẹ́ lórí ẹran ràkúnmí, ẹni tó bá sì jẹ á pín ẹran náà fún àwọn aláìní. Ọlọ́hun rí ẹran tó dé ọwọ́ tálákà yẹn, síbẹ̀ Ó pa tẹ́tẹ́ ní èèwọ̀ pátápátá nínú Súrà Mọ́ídà, àáyà 90 sí 91, nítorí ó ń dá ọ̀tá sílẹ̀, ó sì ń gbàgbé ìrun mọ́ni lára. Bí ẹran ràkúnmí kò bá sọ ọ́ di hàláàlì, 5% kò lè sọ ọ́ dì í.

Ìwé àṣẹ ìjọba kì í ṣe fátíwà. Owó orí kì í sì í fọ owó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni sàká kì í fọ owó harāmù. Ẹni tí irú owó yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó túúbá, kó gbé e fún aláìní, kó má sì retí láádá lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìṣọ́ ọmọ yín sílẹ̀ fún ìjọba. Òfin lè ní kí ọmọdé má ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n inú yàrá yín ni fóònù wà.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì rọ̀ wá lọ́rọ̀. Àmín.