ÌGBÁDÙN ETÍ ÒKUN NÍ TARKWA BAY

Ẹ̀nyin ará Èkó àti ẹ̀nyin àlejò wa, bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá ti mú ara yín wúwo, tí ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ ó gbé simi, ẹ dìde kí a jọ lọ sí Tarkwa Bay. Kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi li ó ń gbé ni lọ. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ bá ọlọ́kọ̀ pinnu owó àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì bèrè ẹ̀wù tí í mú ènìà léfòó. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní òun kò ní, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun èkíní tí à ń ṣe níbẹ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́. Omi rẹ̀ parọ́rọ́ ju ti òkun gbangba lọ, nítorí odi òkúta tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí mọ sí ẹnu òkun Èkó ní 1908 ń gba ìgbì dúró. Èkejì ni gígun ìgbì lórí pákó. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n dunjú, nwọ́n a sì máa kọ́ àlejò. Ẹ̀kẹta ni jíjókòó lábẹ́ àtíbàbà, kí a máa jẹ ẹja yíyan, kí a máa mu omi àgbọn, kí a sì máa wo àwọn ọkọ̀ ńláńlá bí nwọ́n ti ń wọ èbúté lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, kí ó rìn dé Lighthouse Beach, ṣùgbọ́n kí ó fi ojú nìkan wo omi ibẹ̀. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Bí ìṣàn bá gbé ènìà, kí ó má bá a jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun títí yíò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìgbádùn yìí ní iye tí ó ná ẹlòmíràn. Odi kan náà tí ó fún wa ní omi parọ́rọ́ li ó dí ọ̀nà iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, tí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ Bar Beach. Ní January 2020 pẹ̀lú, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Tarkwa Bay kúrò ní ilé wọn. Nítorí náà, owó tí ẹ bá mú lọ, ẹ ná an lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi etí òkun náà jẹun. Ẹ kó pàǹtí yín padà, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ àbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.