A kì í fárí lẹ́yìn olórí: Bí àwọn ará Swítsàlandì ṣe ń fi ìbò ara wọn ṣòfin

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1999, àwọn ará ilẹ̀ Swítsàlandì dìbò lórí ìwé òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi máa ṣàkóso orílẹ̀-èdè wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ẹ́ yan ààrẹ tàbí gómìnà lọ́jọ́ náà o. Ìwé òfin gan-an ni wọ́n gbé síwájú wọn, tí wọ́n sì bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ ẹ àbí wọn kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìdá 59.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní àwọn fẹ́ ẹ, ìwé òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2000.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré lẹ́yìn ìbò yẹn, lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, ọdún 1999 kan náà, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, buwọ́ lu Dìkíríì 24, èyí tó fi ìwé òfin tuntun lọ́lẹ̀ fún ilẹ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Niki Tobi ṣe alága rẹ̀ ti gba èrò àwọn èèyàn jọ ṣáájú, ṣùgbọ́n kò sí ìbò kankan tí ará ìlú dì lé e lórí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé òfin náà sọ pé àwa èèyàn Nàìjíríà fúnra wa la ṣe é, tí a sì fi í fún ara wa. Nínú ọdún kan ṣoṣo, orílẹ̀-èdè méjì gba ìwé òfin tuntun. Wọ́n bi àwọn kan léèrè, wọn kò bi àwọn kejì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wo bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe ń lọ lọ́hùn-ún, ibi tó dára sí, àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé wọn kò ní aṣòfin ní Swítsàlandì. Wọ́n ní in. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pín sí méjì bíi tiwa, èèyàn 200 ló wà nínú ọ̀kan, 46 sì wà nínú èkejì. Èèyàn méje ló jọ ń darí ìjọba, ipò ààrẹ sì ń yí po láàrin wọn lọ́dọọdún, débi pé ọ̀pọ̀ àjèjì ni kò lè dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kì í ṣe aṣòfin ló ni ọ̀rọ̀ àṣekágbá.

Bí wọ́n bá fẹ́ẹ́ yí ohunkóhun padà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, dandan ni kí ará ìlú dìbò sí i. Bó bá jẹ́ òfin lásán, irú èyí tí ilé ìgbìmọ̀ ń ṣe lójoojúmọ́, kì í ṣe dandan, àfi bí àwọn kan bá ní àwọn kò gbà. Àwọn tí kò gbà yìí ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láti fi gba ìbuwọ́lùwé 50,000 olùdìbò jọ. Bí wọ́n bá rí i gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé òfin náà síwájú gbogbo ìlú, ìlú ló sì máa sọ bóyá kó dúró tàbí kó ṣubú. Èyí tó wá ya àjèjì lẹ́nu jù ni ti àbá ará ìlú. Bí àwọn èèyàn kan bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ kó wọ inú ìwé òfin, tí wọ́n sì gba ìbuwọ́lùwé 100,000 láàrin oṣù méjìdínlógún, ìlú gbọ́dọ̀ dìbò lórí rẹ̀, yálà ìjọba fẹ́ tàbí ó kọ̀. Nínú àbá mẹ́wàá tó bá dé ojú ìbò, nǹkan bí ẹyọ kan ló máa ń wọlé.

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ya ọjọ́ Àìkú sọ́tọ̀ fún irú ìbò yìí lọ́dún. Wọ́n á fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí olúkúlùkù nílé, ìwé pélébé kan á sì wà nínú rẹ̀ tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó ta kò ó ti sọ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń kọ ìdáhùn wọn nílé, tí wọ́n á sì dá a padà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ó tún ku ẹyọ kan. Ìpínlẹ̀ 26 ló wà ní Swítsàlandì, kántọ́nù ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kò tó kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ. Èdè mẹ́rin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èdè Jámánì, Faransé, Ítálì àti Rómáńṣì, àwọn tó ń sọ Jámánì ló sì pọ̀ jù. Ìlànà yìí ni kò jẹ́ kí àwọn ìlú ńlá gbé àwọn ìpínlẹ̀ kéékèèké mì. Nínú ìbò ọdún 1999 yẹn, ìpínlẹ̀ 13 ló gbè é, 10 kò gbè é. Mẹ́fà nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà ló jẹ́ pé ìdajì ìbò ni wọ́n ní, òun ni iye náà kò fi pé 26.

Kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyí. Lóṣù kọkànlá, ọdún 1847, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ìpínlẹ̀ Kátólíìkì kan àti àwọn tó kù. Ogun náà kò tó oṣù kan tó fi parí, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ṣe ìwé òfin tó so gbogbo wọn pọ̀. Ó di ọdún 1874 kí ará ìlú tó rí agbára gbà láti ta ko òfin tí aṣòfin bá ṣe, ó sì di 1891 kí wọ́n tó lè gbé àbá tiwọn wá.

Ibi tí ètò yìí ti jọ ohun tí àwọn baba wa mọ̀ jù lọ ni ìpínlẹ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Glarus. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ọdọọdún, àwọn olùdìbò á pé jọ sí gbàgede ìlú, wọ́n á jíròrò òfin ìpínlẹ̀ wọn lójú ara wọn, wọ́n á sì nawọ́ sókè láti fi dìbò. Ó jọ ìgbà tí akéde bá lu agogo tí gbogbo ìlú sì pé sójúde ọba, àfi pé kò sí ọba tó máa fọba lé e níbí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè sọ̀rọ̀, ó sì lè ní kí wọ́n yí àbá ìjọba padà. Lọ́dún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá a lábàá pé kí wọ́n pa ìjọba ìbílẹ̀ 25 tí wọ́n ní pọ̀ di 10. Ará ìlú kan dìde, ó ní 10 pàápàá ti pọ̀ jù, kí wọ́n jẹ́ kó di 3. Wọ́n nawọ́, 3 ló wọlé. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i jà fitafita títí wọ́n fi pe ìpàdé mìíràn lọ́dún 2007, ìlú tún tẹnu mọ́ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2011 ni ìjọba ìbílẹ̀ ti di mẹ́ta ní Glarus. Níbòmíràn tí a mọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kì í dín, ṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ohun tí àwọn alátakò sábà máa ń sọ ni pé bí ìjọba bá fi àpò owó sílẹ̀ fún ará ìlú, wọ́n á ná an tán. Àkọsílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Lọ́dún 2012, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí òfin fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún dípò mẹ́rin. Ìdá 66.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò fẹ́. Lọ́dún 2001, ìdá 84.7 ló fọwọ́ sí i pé kí ìwé òfin dí ìjọba lọ́wọ́ gbèsè àjẹjù. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ebi panú ní gbogbo ìgbà o. Lóṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àwọn arúgbó máa gba owó ìfẹ̀yìntì oṣù kẹtàlá lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n sì kọ̀ kí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kúrò ní ọdún 65 bọ́ sí 66. Èèyàn lè ní èyí kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àwọn tó yàn án náà ni yóò san owó rẹ̀.

Èrè tó tóbi jù nínú ètò yìí kì í hàn lọ́jọ́ ìbò. Aṣòfin tó mọ̀ pé ìbuwọ́lùwé 50,000 lè gbé iṣẹ́ òun síwájú ìlú kò ní í fi òru ṣòfin. Kó tó kọ ọ́ ni yóò ti pe àwọn àgbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn ìpínlẹ̀, tí yóò bi wọ́n ohun tí wọ́n rò. Àbá tó ṣubú pàápàá máa ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1989, àwọn kan ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ ológun ilẹ̀ náà ká pátápátá. Kò wọlé, ṣùgbọ́n ìdá 35.6 ló fẹ́ ẹ, ẹ̀rù sì ba ìjọba. Lọ́dún 1992 ni wọ́n fi ìbò ṣí ọ̀nà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn, pé kí wọ́n lè máa fi iṣẹ́ ìlú mìíràn rọ́pò iṣẹ́ ológun.

Ṣùgbọ́n ètò náà ní àbùkù, kì í sì í ṣe àbùkù kékeré. Ọkùnrin nìkan ló ń dìbò nílẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n sì ní láti dìbò kí àwọn obìnrin tó lè rí ẹ̀tọ́ tiwọn gbà. Lọ́dún 1959, ọdún tí àwọn ìyá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tò láti dìbò yan aṣòfin àpapọ̀, àwọn ọkùnrin Swítsàlandì ní àwọn kò gbà fún àwọn obìnrin tiwọn. Ọdún 1971 ni wọ́n tó gbà. Ní ìpínlẹ̀ Appenzell Innerrhoden, tí wọ́n ti ń nawọ́ ní gbàgede bíi ti Glarus, àwọn ọkùnrin ṣì ń kọ̀ títí di oṣù kẹrin, ọdún 1990. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló pàṣẹ fún wọn nípẹ̀kun ọdún náà.

Àwọn tí kò pọ̀ láwùjọ náà ti jìyà rẹ̀. Àbá ará ìlú àkọ́kọ́ tó wọlé, lọ́dún 1893, òun ló ní kí wọ́n má dúńbú ẹran láìkọ́kọ́ mú kó dákú, àwọn Júù ni wọ́n sì fi ń gún lára. Lọ́dún 2009, ìdá 57.5 ló dìbò pé kí wọ́n má kọ́ ilé gogoro sí mọ́sáláṣí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin péré ni irú ilé gogoro bẹ́ẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Òfin náà ṣì wà nínú ìwé òfin wọn.

Kò sì tán síbẹ̀. Ìjọba lè fi irọ́ tàbí àṣìṣe darí ìbò. Lóṣù kejì, ọdún 2016, àbá kan wáyé pé kí owó orí má máa pọ̀ fún tọkọtaya ju àwọn tí kò ṣègbéyàwó lọ. Ìjọba sọ fún ìlú pé tọkọtaya 80,000 tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àbá náà fi díẹ̀ ṣubú. Nígbà tó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n tó 454,000. Lóṣù kẹrin, ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé ìbò náà, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí sí ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè nílẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbò máa ń sú àwọn èèyàn. Lórí ìwé òfin ọdún 1999 yẹn, ìdá 35.9 péré nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè tí kò wá yàtọ̀ sí ẹni tí wọn kò pè rárá.

Níbí lọ́dọ̀ tiwa, abala 9 ìwé òfin ló sọ bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin l'Ábújá, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Kò sí ibi tí ará ìlú ti wọ̀ ọ́. Abala 69 gbà wọ́n láyè láti pe aṣòfin tó bá já wọn kulẹ̀ padà sílé, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbuwọ́lùwé tó ju ìdajì gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lágbègbè náà. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí sẹ́nétọ̀ kan láti Kogí, èèyàn 189,870 ni wọ́n ní ó buwọ́ lùwé. Lóṣù kẹrin, ọdún 2018, 18,742 péré ni àjọ INEC rí tó jáde wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ti abala 8, lórí dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ló sún mọ́ ti Swítsàlandì jù. Ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn èèyàn agbègbè tó bá fẹ́ ìpínlẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ dìbò fún un. A ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 1963, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn Bìní, Délítà àti agbègbè wọn dìbò, wọ́n sì yọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà, kò sí ìpínlẹ̀ kan tí ìbò dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èkó lọ́dún 1967, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó lọ́dún 1976, Ọ̀ṣun lọ́dún 1991, Èkìtì lọ́dún 1996, àṣẹ ológun ló dá gbogbo wọn sílẹ̀.