Kí ẹ tó sanwó eyín àtọwọ́dá, ẹ wo bí wọ́n ṣe gba àmì ẹnu yín

Inú àpò kékeré tí ìyá àgbà mi máa ń so mọ́ ìdí ni eyín àtọwọ́dá wọn máa ń wà. Bí àlejò bá dé, wọ́n á fi sẹ́nu kí ojú má baà tì wọ́n. Bí oúnjẹ bá dé, wọ́n á tún yọ ọ́. Gbogbo eyín ìsàlẹ̀ wọn ló ti ká. Ní Sanson níbí, ta ni kì í jẹ iyán? Iyán gan-an ló sì kọ́kọ́ fa eyín náà jáde lẹ́nu wọn.

Ẹnì kan tó ń kiri ọjà ló ṣe é fún wọn. Mo béèrè pé, "Ìyá àgbà, báwo ló ṣe wọn ẹnu yín?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ní kí n yanu, ó wò ó, ó lọ. Nígbà tí ọjà tún pé, ó gbé eyín dé."

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ pàápàá kì í fi ojú lásán wọn aṣọ.

Kí ni àmì ẹnu?

Gbogbo wa la mọ ìtẹ̀ka. Bí ẹ bá ti ìka bọ yíǹkì, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ìlà ìka yín á hàn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà eyín ṣe ń gba àmì ẹnu. Yóò po ohun kan tó ki bí ògì, yóò rọ ọ́ sínú àwo kékeré tó tẹ̀ bí pátákò ẹṣin, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ erìgì yín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti dì. Wọ́n ń pe ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń pò náà ní alginate, inú ewéko òkun ni wọ́n ti ń rí i. Bí ó bá gbẹ, ó máa ń súnkì. Nítorí náà, kò yẹ kó pẹ́ kí wọ́n tó rọ ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n pò mọ́ omi sínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí àwòrán ẹnu náà mú.

Fún ẹni tí kò ní eyín rárá, ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó. Wọ́n á fi àmì àkọ́kọ́ ṣe àwo tó bá ẹnu ẹni náà nìkan mu, wọ́n á sì fi àwo yẹn gba àmì kejì. Bí wọ́n bá ń gba èyí, dókítà á ní kí ẹ ṣu ẹnu jọ, kí ẹ yọ ahọ́n, kí ẹ gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì. Kì í ṣe eré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n ló máa ń ti eyín kúrò níbi tó jókòó sí.

Gbòǹgbò irin

Eyín ìsàlẹ̀ ló ṣòro jù láti dì mú, nítorí ahọ́n kì í sinmi, ibi tí eyín náà yóò jókòó sí kò sì fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo gbòǹgbò irin. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, onímọ̀ ìṣègùn ará Sweden, rí i pé irin titanium tí òun fi sínú egungun ehoro ti di ọ̀kan pẹ̀lú egungun náà. Ní 1965, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú irin bẹ́ẹ̀ sí àgbọ̀n ènìyàn. Ní 2002, àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Yunifásítì McGill, ní Kánádà, sọ pé fún ẹni tí gbogbo eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ká, gbòǹgbò méjì tí eyín àtọwọ́dá yóò kọ́ mọ́ ló yẹ kó jẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi lọ̀ ọ́. Ó dà bíi bọ́tìnnì àtẹ̀ ara aṣọ: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ẹ fà á, ó jáde kí ẹ lè fọ̀ ọ́.

Àmọ́ níbí gan-an ni àmì ẹnu gba ìṣọ́ra jù. Erìgì máa ń rọ̀ díẹ̀ tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú egungun kì í yẹsẹ̀. Bí àmì náà bá ṣì díẹ̀, bọ́tìnnì kò ní bá ihò rẹ̀ pàdé. Eyín á máa mì, ohun tó dì í mú á sì tètè jẹ.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èkíní, wọ́n á de òpó kékeré mọ́ orí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì lo àwo tí wọ́n lu ihò sí. Bí ohun tí wọ́n pò bá ti dì, wọ́n á tú ìdè òpó láti ojú ihò náà, òpó á sì bá àwo jáde. Nínú èkejì, àwo kò ní ihò. Òpó á kù sẹ́nu, wọ́n á tú u lẹ́yìn náà, wọ́n á wá dá a padà sí àyè rẹ̀ nínú àmì náà. Èyí yá, ṣùgbọ́n bí àwọn gbòǹgbò bá dagun, ọ̀nà ihò ló dára jù.

Kí ni kí ẹ béèrè?

Owó gbòǹgbò irin pọ̀ ju ti eyín àtọwọ́dá lásán lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é. Kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí Parakou tàbí Kútọnu, ẹ pè kí ẹ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní UCH Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ẹ ń mu sìgá, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, nítorí méjèèjì lè dí ìwòsàn ojú egbò lọ́wọ́.

Bí owó kò bá tó gbòǹgbò irin, eyín àtọwọ́dá lásán tí wọ́n fara balẹ̀ gba àmì rẹ̀ ṣì dára. Ẹ béèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa gba àmì? Ṣé màá kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ tó parí ẹ̀? Bó bá ń ha mí lẹ́nu, ṣé ẹ máa tún un ṣe? Ẹni tó bá ní òun á kàn wò ó lójú, ẹ má fún un lówó.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá ti ta kaṣú tán, èmi àti ìyá àgbà ń lọ sí Parakou. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn á tún lè jẹ iyán lójú àlejò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ gba àmì ẹnu wọn dáadáa.