ÀJẸ́ KÉ LÁNÀÁ, ỌMỌ KÚ LÓNÌÍ: ṢÉ Ẹ̀RÍ NI?

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Kò sí àgbàlagbà kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Bí wọ́n bá ti pa á ní ìpàdé ẹbí tàbí ní ìsọ̀ ọjà, ńṣe ni gbogbo ènìyàn á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, òwe náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú ìdánwò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, yóò fìdí rẹmi ni.

Watson-Glaser ni wọ́n ń pe ìdánwò ọ̀hún. Ará Amẹ́ríkà méjì, Goodwin Watson àti Edward Glaser, ló ṣe é. Kì í ṣe ìdánwò ìṣirò, kì í sì í ṣe ti ìtàn. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ronú ni wọ́n fi ń yẹ̀ wò. Ìbéèrè 40 ni, ìṣẹ́jú 30 sì ni ènìyàn ní láti fi dáhùn wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́yà ní London ló ń fi yan àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún sì ń jókòó fún un. Mo ti ran díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé àìmọ̀wé kọ́ ló ń gbé wọn ṣubú. Ìdáhùn tó bá ti bá ọkàn wọn mu ni wọ́n ń mú.

Òṣùwọ̀n kì í béèrè ẹni tó ni gàrí

Apá márùn-ún ni ìdánwò náà ní. Nínú apá kan, wọn á béèrè ọ̀rọ̀, wọn á to ìdí mélòó kan sílẹ̀, wọn á ní kí o sọ èyí tó lágbára àti èyí tí kò lágbára. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ tèmi: "Ṣé ó yẹ kí ìjọba fi òfin mú gbogbo ẹni tó fẹ́ gbéyàwó láti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde?"

Ìkíní: Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí tọkọtaya yóò mọ ewu tó wà fún ọmọ kí wọ́n tó bí i.

Ìkejì: Rárá, nítorí àwọn baba ńlá wa kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó gbéyàwó.

Ìkẹta: Rárá, nítorí òfin náà yóò gba ẹ̀tọ́ tí olúkúlùkù ní lórí ara rẹ̀ àti lórí ẹni tí yóò fẹ́.

Ìkẹrin: Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí owó yóò máa wọlé fún àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìkíní àti ìkẹta ló lágbára. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ní rárá, síbẹ̀ méjèèjì kan ọ̀rọ̀ náà gan-an, ohun tí wọ́n sì sọ kì í ṣe kékeré. Ní ti ìkejì, àwọn baba ńlá wa kò wọ mọ́tò pẹ̀lú, a kò sì torí ìyẹn máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbàdàn. Ìkẹrin lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í béèrè ẹni tó ni gàrí kó tó wọ̀n ọ́n. Bákan náà, ènìyàn lè kórìíra ibi tí ọ̀rọ̀ kan ń lọ, kí ìdí rẹ̀ sì wúwo.

Ilẹ̀ tutù, ṣé òjò ló rọ̀?

Ó ti pẹ́ tí èrò ọmọ ènìyàn ti ń ṣìnà. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ka oríṣi 13 sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí: bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù, nítorí náà, bí ilẹ̀ bá tutù, òjò ló rọ̀. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé ẹnì kan ló da omi síta ńkọ́?

Ẹ wá fi wé ohun tí à ń gbọ́ lójú ọjà: olè a máa sá bó bá rí ọlọ́pàá, ọmọkùnrin yìí sá, olè ni! Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó lé e, igi ti bọ́ sí i lẹ́yìn. Ẹ̀rù a máa ba aláìṣẹ̀ náà.

Òmíràn ni kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí a kọjú sí ẹni tó sọ ọ́. Ẹnì kan ní owó ẹgbẹ́ kò pé, wọ́n ní, "Ìwọ tí o jẹ gbèsè, kí lo mọ̀ nípa owó?" Ẹ̀yin ará, onígbèsè lè ka owó kó pé. Ẹ ka owó náà ná.

Àjẹ́ àná ńkọ́?

Ohun tí òwe wa sọ kò ju pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n àkùkọ kọ́ ló ń mú ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ yóò béèrè pé: òru mélòó ni "àjẹ́" ti ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló ti kú tí ohunkóhun kò ké? Kí ló tún wà nílẹ̀ tó lè pa ọmọ náà?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe eré, nítorí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lé ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó jáde nílé. Ní ọdún 1910, dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé, èyí tó rí lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada. Lónìí, a mọ̀ pé bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tó jẹ́ SS, láìjẹ́ pé ìyá ọkọ bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn onímọ̀ gbà pé àrùn yìí wà lára ohun tó pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń pè ní àbíkú.

Èrò mìíràn tún ń ṣìnà níbí. Dókítà á ní ewu náà jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Tọkọtaya á délé, wọn á ní, "Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn." Rárá o! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin sì ni nígbà gbogbo. Oyún kejì kò mọ ohun tó ṣe oyún kìíní.

Àwọn àgbà tó pa òwe àjẹ́ náà ló ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìdí síwájú yín, ìbáà ṣe nínú ìdánwò, ní ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ní ìdílé, ẹ wò ó bóyá ó kan ọ̀rọ̀ náà, ẹ wò ó bóyá ó wúwo, kí ẹ sì béèrè ohun mìíràn tó lè fà á. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Wọn yóò yege nínú ìdánwò, ìyá arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn yóò sì rí ibi sùn.